Ẹ Wo Wáyà Kí Ẹ Tó Ra Káàdì

Bí o bá ń gbé yàrá kan nínú ilé alájọgbé ní Ìbà tàbí Òkókómáíkò ní Èkó, tí yàrá mẹ́wàá ń fa iná láti ojú mítà kan, tí o kò sì mọ ẹni tó fa wáyà ilé náà tàbí ọdún tó fà á, má to kọ̀ǹpútà géèmù olówó ńlá síbẹ̀. Mi ò ní kí o lọ rò ó wò. Má tò ó.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Kéésì tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fáànù méje tó ń tàn pupa tó tún ń tàn bí ewéko, omi tó ń yí nínú ọ̀pá láti tu ẹ̀rọ lára, sìkíríìnì ńlá tó tẹ̀ kọrọdọ. Ó wuyì. Èmi náà ti dúró níwájú ọ̀kan rí ní ọjà Àlàbá, mo sì wò ó títí. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn tó ń to ẹ̀rọ yìí ní àdúgbò wa kì í sì í wo ilé rárá. Gbogbo owó ló ń lọ sára ohun tó ń tàn. Ohun tó ń gbé iná wá bá a, ìyẹn wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, páwà páàkì àti jẹnẹrétọ̀, owó tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń rà á. Ibẹ̀ ni ikú ń gbà wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń jẹun. Ní January 2025 ni ilé iṣẹ́ Nvidia gbé káàdì àwòrán tí wọ́n ń pè ní RTX 5090 jáde, wọ́n sì dá iye lé e ní Amẹ́ríkà: dọ́là 1,999. Káàdì yìí nìkan lè fa wáàtì 575. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, RTX 4090 tó jáde ní October 2022, ń fa 450. Fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kún un, fi fáànù àti omi tó ń yí kún un, fi sìkíríìnì méjì lé e. Nígbà tí eré bá gbóná, ohun tó ń jẹ kìlówáàtì kan ni o gbé sínú yàrá tó jẹ́ pé gílóòbù kan, fáànù kan àti tẹlifíṣọ̀n kan ló wà lọ́kàn ẹni tó fa wáyà rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 1,500 náírà. Káàdì yẹn ti di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà kí ẹni tó kó o wọlé tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀ láti Ìyànà Ìbà, tí kò san owó ilé, yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lọ kó tó lè ra káàdì kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ náà bá wá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ẹyọ iná 240 ni yóò jẹ lóṣù. Ní April 2024 ni àjọ NERC, tó ń ṣàbójútó iná mànàmáná, gbé owó ẹyọ kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, sí 225 náírà. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ká tilẹ̀ kà á sí 200, 48,000 náírà ni géèmù rẹ yóò jẹ lóṣù nínú ilé tí ẹ ti jọ ń dá owó mítà. Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní yàrá kejì sí tìrẹ, ṣé òun ni yóò bá ọ san án?

Àmọ́ ìjà ayálégbé kọ́ ni mo wá kìlọ̀ fún yín lé lórí.

Ẹnìkan yóò sọ pé áyọ́ọ̀nù náà ń jẹ kìlówáàtì kan, ilé kò sì jó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni í lọ aṣọ mọ́jú? Áyọ́ọ̀nù ń fa iná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó ń lò ó sì dúró tì í. Kọ̀ǹpútà géèmù ń fa tirẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé àfẹ̀mọ́júmọ́, olówó rẹ̀ a sì ti sùn lọ nígbà tó ń wa géèmù tuntun wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá máa ń mú un gbóná, bí iná náà bá sì di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru rẹ̀ ń dà. Níbi tí wáyà bá ti dì mọ́ ara rẹ̀ dáadáa, kò sí wàhálà. Níbi tó bá ti tú, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbò débi pé bébà ni ẹ fi há ìdí púlọ́ọ̀gì kó má bàa jábọ́, gbogbo ooru yẹn á kóra jọ sí ojú kan. Ojú kan náà ni ẹ̀sítẹ́ńṣàn tí ẹ ra nínú gosìlóò máa ń jókòó sí, kọ̀ǹpútà, sìkíríìnì méjì, fíríìjì àti fáànù ni wọ́n sì kì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn kọ́tìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Wáyà inú ògiri ńkọ́? Kópà gidi tó jẹ́ 2.5 mm² ló yẹ kó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Onílé tó ń kánjú gba owó ọdún méjì á sọ fún oníṣẹ́ iná pé kó ra èyí tó pọ́ọ́kú. Èyí tó pọ́ọ́kú, alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, kópà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ń lé ayédèrú wáyà kiri ọjà, ọjà kò sì tíì mọ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò lónìí. Bí o bá fi ọwọ́ kan ara kéésì irin kọ̀ǹpútà rẹ, tí ó ń ta ọ́ wìnnìwìnnì, má fi ṣe àwàdà níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ohun tó ń sọ fún ọ ni pé ilé rẹ kò ní wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó yẹ kó gbé iná tó bá ṣáko lọ sínú ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú páwà páàkì, tí iná gidi bọ́ sára irin yẹn, ara rẹ ni yóò gbà lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wáyà níútù bá já lórí òpó: fóltì 230 tí o ń retí lè di nǹkan tó súnmọ́ 400 lójijì nínú yàrá rẹ. Páwà páàkì púpọ̀ kò lè fara da ohun tó ju 264 lọ. Gbogbo wa la mọ ariwo ayọ̀ tí àwọn ọmọdé ń pa nígbà tí NEPA bá mú iná wá. Àkókò yẹn gan-an ni iná burúkú máa ń wọlé, nítorí gbogbo àdúgbò ló ń tan nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Àlàbá, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí ti ń jáde. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo mọ àwọn oníṣòwò níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tó ìwé ẹ̀rí. Ìtàn ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọdún 2009, Sky News àti Greenpeace gbé ìròyìn kan jáde. Wọ́n mú tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ti bà jẹ́ débi tí kò ṣe é tún ṣe mọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ atọpinpin pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n gbé e fún àwọn tó yẹ kó tú u palẹ̀ ní Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò tú u. Wọ́n pè é ní àlòkù tó ṣì dára, wọ́n kó o sínú káńtéénà, ọjà Àlàbá sì ni atọpinpin náà júwe. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán oníṣòwò kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rìndínlógún nítorí tọ́ọ̀nù 46 àlòkù ẹ̀rọ tó fẹ́ kó wá sí Nàìjíríà, Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Ní 2015 àti 2016, Fásitì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣèwádìí ní èbúté Èkó: nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ló ń wọlé lọ́dún kan, ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ rárá.

Ìdá 19 yẹn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà nù. Wọ́n ń tú òmíràn. Ohun tó kù lára ọ̀kan ni wọ́n fi tún èkejì ṣe, ìyẹn ni wọ́n sì ń tà fún ọ gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Páwà páàkì tí wọ́n kọ wáàtì 750 sí lára lè jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbé 300 láìgbóná. Káàdì àwòrán náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní September 2022, Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi káàdì wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru sì dà sórí àtẹ káàkiri ayé. Wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n pààrọ̀ fáànù wọn, wọ́n fi wọ́n sínú ọ̀rá tuntun. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ orúkọ ọ̀tọ̀ sínú ọpọlọ káàdì àtijọ́ kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ìwà náà gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe GPU-Z, ètò àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ kan, fi kún un ní 2018 pé kó máa kọ FAKE síwájú irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ san mílíọ̀nù kan kì í béèrè pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú òun.

Ẹ má sì rò pé ẹrù tuntun tí a ṣí lójú wa bọ́ lọ́wọ́ ewu. Kéésì kan wà tí ilé iṣẹ́ NZXT ṣe, H1 ni wọ́n pè é. Ní February 2021, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó rà á ní Amẹ́ríkà dẹ́kun lílò rẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe, ó lé ní ọ̀kẹ́ kan àtààbọ̀, nǹkan bíi 32,000. Kí ló fà á? Ìṣó onírin méjì péré tó ń kan ibi tí kò yẹ kó kàn, tó sì lè dá iná sílẹ̀. Ohun tó ń gbé iná wọ káàdì àwòrán tuntun náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Láti October 2022 ni àwọn tó ra RTX 4090 ti ń fi àwòrán ojú ihò iná tó yọ́ hàn. Bí a kò bá tì í wọlé dé ìdí, ó ń gbóná. Wọ́n tún un ṣe ní 2023, ó sì tún yọ́ lára RTX 5090 àwọn kan ní February 2025. Ẹ wo ìṣirò náà: wáàtì 575 lórí fóltì 12 túmọ̀ sí áńpíà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50, nínú wáyà tín-ín-rín mélòó kan. Ó ń yọ́ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà, níbi tí ohun gbogbo ti bá ara mu. Èwo ni yóò wá ṣe lọ́wọ́ ẹni tó fi téèpù dúdú so wáyà méjì tí kì í ṣe ti ara wọn pọ̀ ní Ìgbó-Ẹlẹ́rìn?

Mo ti ń yí ká ohun tó burú jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí I-pass-my-neighbour, wáàtì 650 ni agbára rẹ̀. Kò lè gbé ẹ̀rọ yìí. Nítorí náà, ẹni tó ti náwó sórí kọ̀ǹpútà á tún lọ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá. Bó ti wọ́n lówó, ẹ̀rù olè á bà á, á gbé e sí kọ́rídọ̀ tàbí ìdí fèrèsé, á fi ṣéènì dè é mọ́ irin. Ariwo rẹ̀ á dí eré lọ́wọ́, á ti fèrèsé. Ẹ̀fọn àti eruku títì Badagry tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá á mú kó ti ilẹ̀kùn náà. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ló ní ìdí, kò sì sí òmùgọ̀ nínú ẹni tó gbé e. Àpapọ̀ wọn ni ibojì.

Ní May 2024, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, wọ́n bá òkú ọ̀dọ́ méje nínú sítúdíò orin kan. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sọ pé ó pa wọ́n. Kí ló ya sítúdíò orin sọ́tọ̀ sí yàrá géèmù? Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, àwọn ọ̀rẹ́ pé jọ, ibi gbogbo wà ní títì. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, inú á rú, oorun á wá máa kunni. Èyí ló mú kí ó léwu fún elégèèmù ju ẹlòmíràn lọ: ẹni tó ti ń tẹ bọ́tìnì títí di aago mẹ́ta òru á rò pé àárẹ̀ ojú lásán ni, á sì gbórí lé tábìlì.

Ẹ̀yin ìdílé sójà tó ń gbé inú Báráékì Ọ̀jọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́nà tirẹ̀. Bàbá lè wà ní Maiduguri fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyá wà ní màámì mákẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà nílé pẹ̀lú owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ògiri kan ló wà láàárín yín àti ìdílé kejì, wáyà ìjọba ni ẹ jọ ń lò. Ohun tó bá gbiná ní yàrá ọmọ yín kò ní béèrè pé ta ló ni yàrá kejì.

Àti ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ní Peckham tàbí Houston, tí ọmọ ń bẹ̀ yín lórí WhatsApp pé káàdì kan péré ló kù. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín fi owó ránṣẹ́, bóyá ẹ tilẹ̀ ń san án nítorí pé ẹ kò sí nílé. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ fún káàdì kí ẹ tó rí fídíò sọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò máa fà á, àti ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, tó ti fi mítà yẹ ẹ́ẹ̀tì ilé náà wò. Bí ọmọ bá sọ pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò, ẹ ti mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Ṣé kò sí ọ̀nà rárá ni? Ó wà, ṣùgbọ́n kò tàn yòò. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán orí kọ̀ǹpútà tàbí tó ń ṣàtúntò fídíò nílò ẹ̀rọ tó lágbára lóòótọ́, mi ò sì ní fi ojú eré wo iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó ra káàdì tó ń jẹ wáàtì 150 tàbí kó dín sí i. Kí ó fi owó tó gbà sílẹ̀ ra páwà páàkì tuntun tó ní orúkọ, kí wọ́n fa wáyà kópà 2.5 tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ojú mítà pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀, kí wọ́n gbé irin ẹ́ẹ̀tì wọ inú ilẹ̀, kí ó ra sìtábíláísà gidi tó ń gé iná nígbà tó bá ga jù. Bí ó bá jẹ́ géèmù lásán ni, PlayStation 5 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 200, èyí tí ínfátà kékeré lè gbé láìsí èéfín. Onílé tí kò bá gbà kí ẹ tún wáyà ṣe, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà tà. Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, ìta ni ilé rẹ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà ogún sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, títí kan ti aládùúgbò. Kọ́rídọ̀ kì í ṣe ìta. Bàkónì kì í ṣe ìta.

Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹ̀rọ rẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú púlọ́ọ̀gì àti ara ẹ̀sítẹ́ńṣàn. Bí ó bá gbóná, bí ó bá ń rùn bí rọ́bà tó jó, pa á, yọ ọ́, má tún tan án títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé. Bí ó bá sì ti gbiná, má da omi sí i. Já iná ilé láti ojú mítà bí o bá lè dé ibẹ̀, pariwo jí gbogbo ilé, kó àwọn ọmọdé jáde, pe 767 tàbí 112. Fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ níbi tó wà.